Ìrora Ti Lọ, Kòkòrò Ńkọ́? Ẹ̀kọ́ Lórí Àyẹ̀wò Èémí Lẹ́yìn Ìtọ́jú Ọgbẹ́ Inú

Ẹ̀kọ́ wa fún sáà yìí jẹ́ ẹ̀kọ́ ìlera, ó sì kan púpọ̀ nínú wa. Kò sí ìpàdé tí a ń ṣe tí a kì í gbọ́ kí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ má bu ata sí tèmi, mo ní ulcer," tàbí kí òmíràn sọ pé, "Ẹ má bínú, n kò lè bá yín gba ààwẹ̀, inú mi kò gbà á."

Ulcer yìí ni a ó máa pè ní ọgbẹ́ inú nínú ẹ̀kọ́ yìí. N kò ní sọ̀rọ̀ púpọ̀ lórí bí ó ti ń dunni tó, nítorí ẹni tí ó bá ní in ti mọ̀ ọ́n. Ìbéèrè kan tí ọ̀pọ̀ wa kì í bèèrè ni mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀ wò: lẹ́yìn tí mo ti lo oògùn tán, báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé mo ti sàn ní tòótọ́?

KÓKÓ Ẹ̀KỌ́: Pé ìrora lọ kò fi hàn pé kòkòrò tí ó fa ọgbẹ́ inú ti kú. Àyẹ̀wò ni ó lè fi èyí hàn, àyẹ̀wò náà sì ní àkókò rẹ̀ àti ìmúrasílẹ̀ rẹ̀.

1. OHUN TÍ OJÚ Ẹ̀GBỌ́N MI RÍ

Èlùbọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń tà. Ó ti pẹ́ tí inú ti ń ta á, pàápàá ní òru àti nígbà tí ebi bá ń pa á. Nígbà tí ó lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n sì sọ fún un pé kòkòrò kan wà nínú àpòlúkù rẹ̀. Wọ́n fún un ní oògùn ọlọ́sẹ̀ méjì. Wọ́n ní kí ó lò ó tán, kí ó sì padà wá nígbà tí ó bá yá kí àwọn lè mọ̀ bóyá kòkòrò náà ti kú.

Kí ó tó di ọjọ́ kẹfà, ìrora ti lọ. Oògùn náà ń mú ẹnu rẹ̀ korò, nítorí náà ó dá a dúró ní ọjọ́ kẹsàn-án, ó sì kó ìyókù sínú àpótí. Mo rán an létí àyẹ̀wò tí wọ́n ní kí ó wá ṣe. Ó ní, "Àbúrò mi, ta ní ń náwó lórí àìsàn tí ó ti lọ? Mo ń jẹ ata, mo ń sùn dáadáa. Kí ni mo tún fẹ́ lọ wá ní ọsibítù?"

N kò rí èsì fún un. Ẹ̀gbọ́n mi ni, ara rẹ̀ sì yá lójú mi. Ó ti dúró níwájú ìpàdé, ó ti jẹ́rìí, gbogbo wa sì ti bá a dúpẹ́.

Ọdún kan àti ààbọ̀ lẹ́yìn náà, ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú fún ọjọ́ mẹ́ta, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, òyì kọ́ ọ, ó sì ṣubú lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpò èlùbọ́ rẹ̀. Ọgbẹ́ inú náà ni ó ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹlòmíràn tí a fà sí i lára ni Ọlọ́run fi dá a sí. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ ẹ́ wò, kòkòrò àtijọ́ ṣì wà níbẹ̀. Kò lọ síbì kankan. Ìrora nìkan ni ó ti lọ.

2. KÒKÒRÒ WO NI ÈYÍ?

Orúkọ rẹ̀ ni Helicobacter pylori. Àwọn dókítà máa ń ké e kúrú sí H. pylori. Ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i. Ó lọ́ bí okùn, ó sì ní ìrù tí ó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Inú ohun yíyọ̀ bí omi ilá tí ó bo ara àpòlúkù wa ní inú ni ó ń sá sí, tí ó sì lè wà níbẹ̀ títí ọjọ́ ayé ènìyàn bí a kò bá tọ́jú rẹ̀.

Láyé àtijọ́, àwọn dókítà gan-an gbà pé ìrònú àti oúnjẹ aláta ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Àwọn dókítà méjì ní ìlú Perth, ní orílẹ̀-èdè Ọsirélíà, ni wọ́n yí ọ̀rọ̀ náà padà. Orúkọ wọn ni Robin Warren àti Barry Marshall. Ní ọdún 1982, wọ́n rí kòkòrò yìí mú jáde láti inú àpòlúkù àwọn aláìsàn, wọ́n sì sìn ín títí ó fi pọ̀ sí i nínú àwo. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà wọ́n gbọ́. Ní ọdún 1984, Marshall gbé omi tí kòkòrò náà wà nínú rẹ̀ mu fúnra rẹ̀. Kò ju ọjọ́ díẹ̀ lọ tí ó fi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn, inú àpòlúkù rẹ̀ sì wú. Ní ọdún 2005, àwọn méjèèjì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí iṣẹ́ yìí.

Nǹkan bí ìdajì àwọn ènìyàn inú ayé ni wọ́n ní kòkòrò yìí lára, ó sì wọ́pọ̀ ní ilẹ̀ Áfíríkà. Ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ ti ń kó o, láti ara àwọn tí wọ́n jọ ń gbé nínú ilé: nípasẹ̀ itọ́, èébì, tàbí ìgbẹ́ tí ó kan ọwọ́, omi tàbí oúnjẹ. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ní in kò ní mọ̀ ọ́n lára rárá. Ṣùgbọ́n ó ń dá ọgbẹ́ sí inú àwọn kan, àwọn díẹ̀ sì wà tí ó ń di àrùn jẹjẹrẹ inú fún. Láti ọdún 1994 ni ẹ̀ka ìwádìí àrùn jẹjẹrẹ ti Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àwọn ohun tí ń fa jẹjẹrẹ. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣeré.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rántí pé kì í ṣe kòkòrò yìí nìkan ni ó ń fa ọgbẹ́ inú. Àwọn oògùn ara ríro bí aspirin, ibuprofen àti diclofenac náà ń fà á, bí a bá ń lò wọ́n lemọ́lemọ́. Aspirin wà nínú Alabukun pẹ̀lú.

3. OÒGÙN RẸ̀, ÀTI ÌDÍ TÍ Ó FI MÁA Ń KÙNÀ NÍGBÀ MÍRÀN

Oògùn kan ṣoṣo kò lè pa kòkòrò yìí. Dókítà a máa pa oògùn apakòkòrò méjì, ó kéré tán, pọ̀ mọ́ oògùn tí ń dín omi kíkan inú kù, irú bí omeprazole. Nínú àwọn apakòkòrò náà ni a ti rí amoxicillin, clarithromycin, tetracycline àti metronidazole tí gbogbo wa mọ̀ sí Flagyl. Ní ibòmíràn, wọ́n a fi bismuth kún un. Ọjọ́ 10 sí ọjọ́ 14 ni a sábà máa ń lò wọ́n.

Bí a bá tilẹ̀ lò ó dáadáa, kì í ṣe gbogbo ènìyàn ni kòkòrò náà ń kú lára rẹ̀. Ìdí rẹ̀ rèé:

(a) Oògùn ti mọ́ kòkòrò lára. Bí inú bá ti run wá díẹ̀, Flagyl ni. Bí ọ̀fun bá dùn wá, a ó ra kápúsù méjì ní kẹ́míìsì. Díẹ̀díẹ̀ ni kòkòrò fi ń kọ́ bí yóò ṣe bọ́ lọ́wọ́ oògùn.

(b) A kì í lò ó tán. Bí ara bá ti yá díẹ̀, a ó fi ìyókù pamọ́ de ọjọ́ mìíràn, tàbí kí a fún aládùúgbò.

(c) Oògùn ayédèrú, tàbí èyí tí oòrùn ti bà jẹ́ lórí àtẹ.

Níbí gan-an ni ẹ̀tàn náà wà. Omeprazole a máa dín omi kíkan inú kù. Bí omi kíkan bá ti dín kù, ọgbẹ́ kò ní ta wá mọ́, ó tilẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í san. Nítorí náà, ìrora lè lọ pátápátá kí kòkòrò sì wà ní ààyè rẹ̀, kí ó máa dúró de ọjọ́ tí oògùn yóò tán. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.

4. BÍ ÀYẸ̀WÒ ÈÉMÍ ṢE Ń ṢIṢẸ́

Ẹ lè bèèrè pé, báwo ni èémí ẹnu ṣe lè sọ ohun tí ó wà nínú àpòlúkù? Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀.

Ohun kan wà tí à ń pè ní yúríà. Àwọn àgbẹ̀ wa mọ orúkọ yìí mọ́ ajílẹ̀, ṣùgbọ́n ara wa náà ń ṣe é lójoojúmọ́, a sì ń tọ̀ ọ́ dànù. H. pylori ní agbára kan tí ara ènìyàn kò ní: ó lè fọ́ yúríà sí wẹ́wẹ́. Nígbà tí ó bá fọ́ ọ, ohun méjì ni ó ń jáde. Ọ̀kan ni amóníà, òórùn líle tí ń gún wa nímú ní ilé ìtọ̀ tí a kò fọ̀. Amóníà yìí ni kòkòrò náà fi ń dáàbò bo ara rẹ̀ kí omi kíkan inú má baà pa á. Èkejì ni afẹ́fẹ́ kábọ́ọ̀nù, irú èyí tí gbogbo wa ń mí síta.

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin adìẹ mọ̀ pé bí adìẹ àdúgbò bá ń jẹ pọ̀, a máa ń so àkísà pupa mọ́ ẹsẹ̀ tiwa. Ibikíbi tí a bá ti rí àkísà náà, a ó mọ̀ pé adìẹ wa ti dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn onímọ̀ ṣe sí yúríà. Kábọ́ọ̀nù ni ohun tí ó pọ̀ jù nínú èédú tí a fi ń dáná, ó sì wà nínú yúríà pẹ̀lú. Nínú kábọ́ọ̀nù 100, nǹkan bí 1 péré ni ó wúwo díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ. Èyí ni wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù 13. Òun ni wọ́n fi ṣe àmì sára yúríà tí wọ́n ń fún wa mu.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò kọ́kọ́ ní kí ẹ fẹ́ èémí sínú àpò kékeré kan tàbí sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò fún yín ní yúríà alámì náà mu pẹ̀lú omi tàbí omi ọsàn. Ẹ ó jókòó jẹ́ẹ́ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 sí 30. Lẹ́yìn èyí, ẹ ó tún fẹ́ èémí lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rọ yóò wá fi èémí kejì wé ti àkọ́kọ́.

Bí kòkòrò bá wà nínú àpòlúkù, yóò fọ́ yúríà náà. Kábọ́ọ̀nù alámì yóò wọ inú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ yóò gbé e dé ẹ̀dọ̀fóóró, a ó sì mí i síta. Ẹ̀rọ yóò rí i pé àmì ti pọ̀ nínú èémí kejì. Bí kòkòrò kò bá sí, kò sí ẹni tí yóò fọ́ yúríà náà níbẹ̀. Yóò bá ìtọ̀ lọ ní tirẹ̀, èémí kejì kò sì ní yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́.

Kò sí abẹ́rẹ́, kò sí pé wọ́n ń ti rọ́bà bọ̀ wá lọ́nà ọ̀fun. Kò sì sí ìtànṣán kankan nínú kábọ́ọ̀nù 13, wọ́n ń lò ó fún ọmọdé pàápàá. Irú mìíràn wà tí wọ́n ń lo kábọ́ọ̀nù 14 fún. Ìyẹn ní ìtànṣán díẹ̀, nítorí náà wọn kì í lò ó fún aboyún àti ọmọdé. Ẹni tí ó bá lóyún, tàbí tí ó bá ń fún ọmọ lọ́yàn, kí ó tètè sọ fún wọn.

5. ÌGBÀ WO NI KÍ A ṢE É?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ìlà sí abẹ́ ìpín yìí, nítorí ibẹ̀ ni owó ti ń ṣòfò jù. Bí a bá ṣe àyẹ̀wò náà ní àkókò tí kò yẹ, ó lè sọ pé kòkòrò ti tán nígbà tí kò tán.

- Kí ó pé ọ̀sẹ̀ 4, ó kéré tán, lẹ́yìn tí a ti lo oògùn ìtọ́jú náà tán.
- Láàrin ọ̀sẹ̀ 4 náà, kí a má lo oògùn apakòkòrò kankan, ìbáà jẹ́ nítorí ikọ́ tàbí eyín dídùn. Kí a má sì lo bismuth. Bí ó bá di dandan kí a lò ó, kí a sọ fún dókítà kí ó sún ọjọ́ àyẹ̀wò síwájú.
- Kí a dá omeprazole àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ní ọ̀sẹ̀ 2 ṣáájú àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí ọgbẹ́ rẹ̀ ti ṣẹ̀jẹ̀ rí, tàbí tí ó ń lo aspirin nítorí ọkàn, kò gbọdọ̀ dá a dúró láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí ìrora bá dé láàrin ọ̀sẹ̀ méjì náà, ẹ bèèrè oògùn tí ẹ lè fi gbé e tí kò ní ba àyẹ̀wò jẹ́.
- Kí a má jẹun kí a tó lọ. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ń fẹ́ wákàtí 6. Bí a bá sùn láìjẹun lóru, tí a sì lọ ní òwúrọ̀ kùtù, ó ti tó. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà kí ó sọ fún wọn ṣáájú, kí ebi má baà ṣe é ní jàǹbá.

Kí ni ìdí gbogbo òfin wọ̀nyí? Àwọn oògùn náà máa ń dín kòkòrò kù tàbí kí wọ́n mú un rọ, láìpa á tán. Ó dà bí olè tí ó dákẹ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn nígbà tí ọdẹ ń kọjá. Bí ọdẹ bá sọ pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò purọ́, ṣùgbọ́n olè ṣì wà nínú ilé.

6. BÍ A KÒ BÁ RÍ ÀYẸ̀WÒ ÈÉMÍ ŃKỌ́?

Òtítọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ni ó ní ẹ̀rọ yìí, ó sì ń náni lówó. Àyẹ̀wò ìgbẹ́ wà, èyí tí ń wá ara kòkòrò náà fúnra rẹ̀ nínú ìgbẹ́. Òun náà ṣeé gbára lé láti mọ̀ bóyá a ti sàn, òfin àkókò rẹ̀ sì bá ti àyẹ̀wò èémí mu. Ẹ ṣáà bèèrè lọ́wọ́ wọn pé kòkòrò fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń wá nínú ìgbẹ́ náà.

Èyí tí kò yẹ kí a fi wádìí ìwòsàn ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń gún wa níka ní kẹ́míìsì. Kì í wá kòkòrò. Ohun tí ara wa ṣe láti bá kòkòrò jà ni ó ń wá, ohun náà sì lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún oṣù púpọ̀, àní fún ọdún, lẹ́yìn tí kòkòrò ti kú. Ẹ ronú nípa àpá. Àpá ń sọ fún wa pé ọgbẹ́ ti wà níbẹ̀ rí, kò sọ pé ọgbẹ́ ṣì wà. Síbẹ̀ àwọn obìnrin wà tí wọ́n ti lo oògùn yìí ní ẹ̀ẹ̀mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹrin, nítorí pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò yé sọ pé kòkòrò wà. Owó ń lọ, ara ń jìyà, oògùn sì ń mọ́ àwọn kòkòrò mìíràn lára.

7. BÍ ÈSÌ BÁ DÉ

Bí èsì bá sọ pé kòkòrò ṣì wà, kì í ṣe ohun ìtìjú, kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọ̀tá. Dókítà yóò yan oògùn mìíràn tí ó yàtọ̀ sí ti àkọ́kọ́. Ẹ má ṣe padà sí kẹ́míìsì lọ ra èyí tí ó ti kùnà tẹ́lẹ̀. Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ẹ ti lò rí fún dókítà, nítorí ìyẹn ni yóò fi mọ èyí tí yóò yàn.

Bí èsì bá sọ pé kòkòrò ti tán, ẹ tọ́jú ìwé náà. Kí a máa fi ọṣẹ fọ ọwọ́ lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀ àti kí a tó dáná, kí a sì máa mu omi tí ó mọ́, nítorí ènìyàn lè tún un kó. Bí inú bá tún ń dunni lẹ́yìn èyí, kí a padà sọ́dọ̀ dókítà kí ó wá ìdí mìíràn.

Àmì wọ̀nyí kò gba ìdúró rárá: ìgbẹ́ dúdú tí ó ń dán bí ọ̀dà, èébì ẹ̀jẹ̀, oúnjẹ tí kò lọ lọ́fun, tàbí kí ènìyàn máa rù láìnídìí. Lóòótọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń fún aboyún, àti bismuth, lè sọ ìgbẹ́ di dúdú. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí dókítà ni yóò sọ bẹ́ẹ̀. Bí òyì bá ń kọ́ni pẹ̀lú rẹ̀, ọsibítù ni kí a gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

ÌPARÍ

Ẹ̀gbọ́n mi lo oògùn kejì tán láìku ẹyọ kan. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ó ń ka hóró rẹ̀ fún un lójoojúmọ́. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 6 pé, mo sìn ín lọ ṣe àyẹ̀wò èémí. Ó mú ohun tí wọ́n fún un, ó jókòó, ó sì ń wo aago. Nígbà tí wọ́n ní kí ó tún fẹ́ èémí, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Àbúrò mi, ṣé ohun tí mo sá fún nìyí?"

Èsì jáde: kòkòrò ti tán. Ó tún dìde ní ìpàdé, ó jẹ́rìí lẹ́ẹ̀kejì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ yìí, ìwé àyẹ̀wò wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀yin ìyá mi, àwa ni a máa ń gbé ọmọ lọ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí a ń rán bàbá létí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó kù kí a ṣe bẹ́ẹ̀ fún ara wa. Ẹni tí ó bá ti lo oògùn ọgbẹ́ inú tán, kí ó má dúró lórí "ara mi ti yá." Kí ó lọ mọ̀ ọ́n dájú.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ni ìdí tí ìrora fi lè lọ nígbà tí kòkòrò ṣì wà nínú àpòlúkù?
2. Ọ̀sẹ̀ mélòó ni kí ó pé lẹ́yìn oògùn kí a tó ṣe àyẹ̀wò èémí? Àwọn oògùn wo ni kí a ti dá dúró?
3. Kí ni ó fà á tí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kò fi lè sọ bóyá a ti sàn?
4. Kí ni ẹ rò pé ó yẹ kí n sọ fún ẹ̀gbọ́n mi ní ọjọ́ tí ó kọ̀ láti padà sí ilé ìwòsàn?
5. Ta ni ẹ mọ̀ nínú ilé tàbí ní ọjà yín tí ó ti lo oògùn ọgbẹ́ inú tí kò sì padà lọ yẹ ara rẹ̀ wò? Ẹ ka ẹ̀kọ́ yìí fún un kí ìpàdé wa tí ó ń bọ̀ tó dé.